Àwo Lẹ Rà, Ẹ Ò Ra Ọgbà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ọgbà Kékeré Orí Tábìlì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọgbà inú àwo sórí tábìlì pálọ̀ yín, ẹ ti ń bí mi nínú tipẹ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra oníbàárà o, ara yín ni mo ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá tún gbé ewéko tó ti jẹrà wá bá mi nínú àwo olówó ńlá, tó ní “èyí tí ẹ tà fún mi yẹn ò dáa”, igbe ni n ó fi ta. Ẹ jẹ́ kí n kúkú pariwo náà síbí, kí etí àwọn ará ilé mi lè sinmi. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan, fídíò tí ẹ ti wò ti tó. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ yéé gbin ohun tó ń mu omi àti ohun tí kì í mu omi sínú àwo kan. Fern, ewéko eléwé bí ìyẹ́ yẹn, fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ tutù nígbà gbogbo. Cactus, etí erin (aloe vera) àti àbámodá fẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ dáadáa kí omi tó tún kàn án. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀, ó di ilé olórogún: ẹ tẹ́ ìyáálé lọ́rùn, ìyàwó á kú.

2. Ẹ má lo ilẹ̀ ààtàn. Ó dáa fún tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lẹ́yìnkùlé, àmọ́ nínú àwo, ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ra bí ẹ bá ti bomi sí i lẹ́ẹ̀mélòó kan, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ po ilẹ̀ mọ́ yanrìn gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́ tí àwọn bíríkìlà ń lò, kí ẹ sì kọ́kọ́ fọ yanrìn náà. Fún cactus, kí yanrìn pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lọ sí Èkó tó lọ bu yanrìn etí òkun wálé, iyọ̀ ló bù wálé.

3. Àwo tí kò nihò nídìí. Ìdí èyí gan-an ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Ta ló kọ́ yín pé bí ẹ bá ti da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, omi á máa ṣàn lọ síbẹ̀, ilẹ̀ òkè á wá máa gbẹ? Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, irọ́ sì ni. Ilẹ̀ kíkúnná máa ń di omi mú. Omi kì í kúrò nínú ilẹ̀ bọ́ sáàárín òkúta àfi bí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn bá ti mu omi yó pátápátá. Ohun tí òkúta yín ń ṣe ni pé ó ń gbé ibi tó tutù jù lọ sókè, ó ń gbé e lọ bá gbòǹgbò.

Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹ mú fóòmù ìfọbọ́ onígun mẹ́rin. Ẹ rì í sínú omi, ẹ gbé e jáde ní ìdùbúlẹ̀ láìfún un, kó máa kán títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ẹ wá gbé e nàró. Omi mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Fóòmù yẹn kan náà ni, gíga rẹ̀ ló yí padà. Bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí gbòǹgbò. Àwo pẹrẹsẹ tí ẹ fẹ́ràn fún orí tábìlì ńkọ́? Fóòmù tó dùbúlẹ̀ ni. Kò lókè, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ tún wá da òkúta sí i, ẹ tún gba ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù lọ́wọ́ ewéko.

Màmá kan gbé abọ́ onígíláàsì wá bá mi láti Bódìjà, n’Ìbàdàn wa níbí. Òkúta funfun, òkúta dúdú, òkúta aláwọ̀ sánmà, ó tò wọ́n ní ìpele-ìpele, ó rẹwà lóòótọ́. Cactus ló gbìn sí i, kọ́ọ̀pù omi kan láràárọ̀, torí pé “ooru ń mú un.” Mo na ìka sí ara gíláàsì, mo ní, “Mà, ṣé ẹ rí omi tó dúró yìí?” Wọ́n ní, “Ibẹ̀ náà ló yẹ kó wà, òkúta ló ń gbà á.” Mo rọra tẹ̀ abọ́ náà sórí bàsíà. Òórùn tó jáde lé ọmọ iṣẹ́ mi dé títì. Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn bèèrè bóyá òkúta yẹn ṣì ṣeé lò.

Ẹ má sọ pé ẹ fi èédú sí i. Èédú ò lè lé omi jáde nínú àwo tí kò nílẹ̀kùn.

Kí ni kẹ́ ẹ wá ṣe? Ẹ ra ìkòkò amọ̀ ní Bódè, ẹ lu ìdí rẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ lu ti tánganran yín: dírìlì pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n fi ń lu táìsì, ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ibẹ̀, ẹ máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gíláàsì olówó ẹ má dán an wò. Fún ìyẹn, ẹ gbin ewéko sínú ike kékeré tó nihò, ẹ gbé ike sínú abọ́, ẹ fi òkúta bò ó lójú. Bó bá di ìgbà omi, ẹ gbé e jáde, ẹ bomi sí i, kó ro tán, ẹ dá a padà. Èmi gan-an máa ń gbowó ihò lílu. Ibi tí ayé bá mi dé rèé, òfìfo ni mò ń tà.

Ibo la dé? Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀.

Succulent, ìyẹn ewéko tó ń tọ́jú omi sínú ewé tàbí igi rẹ̀, tí wọ́n bá ti fọ́n ọ̀dà sí i lára: ẹ má rà á.

Mọ́ọ̀sì inú páálí tó máa ń tutù yọ̀yọ̀ lójú yẹn ti kú, wọ́n rẹ ẹ́ láró ni. Ẹ bomi rin ín títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní jí. Èyí tó wà láàyè wà lára ògiri àtijọ́ káàkiri Bẹẹrẹ lásìkò òjò, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgò tó ní ìdérí. Ẹ ò ní dáwọ́ cactus inú ìgò dúró, àbí? Nathaniel Ward, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kíyè sí i ní 1829 pé ewéko hù nínú ìgò tó dé pa, níbi tó kó ilẹ̀ tútù àti kòkòrò kan sí. Fern àti koríko ló hù níbẹ̀, kò sí cactus níbẹ̀. Omi inú ìgò ń gòkè, ó ń rọ̀ padà, kò síbi tó ń lọ. Ẹ fi ohun tó fẹ́ràn omi síbẹ̀, ẹ má sì gbé ìgò sójú oòrùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó sè é.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Kọ́tìnì nípọn, fèrèsé dojú kọ ògiri aládùúgbò, ẹ wá gbé cactus sáàárín irú pálọ̀ yẹn. Ó máa tín-ín-rín, á máa na ọrùn wá ojú ọ̀run. Ọjá ìkòokò àti money plant lè fara dà á fúngbà díẹ̀. Bí ó bá pọn dandan kó jẹ́ cactus, ẹ ní àwo méjì, ọ̀kan ní fàráńdà, ọ̀kan lórí tábìlì, ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá kúrò nínú òkùnkùn, ẹ má gbé e sójú oòrùn ọ̀sán lójijì.

Omi, ẹ má fi ọjọ́ ṣe é. Ẹ ti ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan bọ inú ilẹ̀, bó bá jáde pẹ̀lú ilẹ̀ tútù lára, ẹ fi sílẹ̀. Ìka lèmi fi ń ṣe tèmi, títí kan àwo ilé onílé, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi ń di ọwọ́ mi mú bá a bá lọ kí èèyàn.

Oró adẹ́tẹ̀, ewéko tó jọ cactus yẹn: oje funfun rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ojú. Ilé tó bá lọ́mọ kékeré, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Èyí tó kù ni ti òde. Ẹ ń ra ọgbà inú àwo fún tábìlì ìgbéyàwó, wọ́n sì ń pè mí sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kejì láti wá kó wọn. Mo ti bá eegun adìẹ nínú wọn rí, mo bá ìyókù ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo bá ìdérí ìgò tí wọ́n rì mọ́ ìdí àbámodá. Àwọn àǹtí tó mú tiwọn lọ sílé bí ẹ̀bùn òde ò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí nǹkan bá. Ẹ yá a, ẹ má rà á. Mò ń gba owó ìdúró kí àwo tó jáde, mo sì ti kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sí ìdí gbogbo wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò.