Ẹ Pọ́n Èyí Tó Wà Lọ́wọ́ Yín Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Igi Nílé

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa l'Ákóbọ̀, n'Íbàdàn, yà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé tó kọjá. Ṣísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí a fi ń gbẹ́ igi, ló dì sínú ọ̀rá, gbogbo wọn ń dán gbinrin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún ti ta gbàrọgùdù fún mi o. Sẹ́ẹ̀tì kẹta rèé, kò sí èyí tó gé igi nínú ẹ̀." Mo gba ọ̀kan, mo rọra fi àtàǹpàkò yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Bí wọ́n ṣe kó o sínú páálí níléeṣẹ́ ló ṣe wà, kò tíì fojú kan òkúta ìpọ́n rí. Owó sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta! Ká ní ṣísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo àti òkúta ìpọ́n kan ló rà, tábìlì ìkàwé tó ń wá bó ṣe máa kàn fún ọmọ rẹ̀ ì bá ti wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí mo fi délé. Èmi náà ti fowó ṣòfò báyẹn rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì ń rí i lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀yìnkùlé ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Ẹni tó bá ti kan àpótí ìjókòó kan rí ti kọjá ìyẹn.

1. Kíkó irinṣẹ́ jọ kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ fẹ́ kàn. Ayùn ọwọ́ kan, ṣísẹ́ẹ̀lì méjì (mìlímítà 12 àti 25), ìfági kan, òòlù, téèpù àti sukúwéà tí a fi ń yẹ igun wò: ẹ fi ìyẹn kan nǹkan mẹ́ta ná.

2. Ríra máṣíìnì tòkunbọ̀ láì ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Iná tiwa níbí, fóòtì 230 ni. Ti Amẹ́ríkà, 120 ni. Mo ra ayùn oníná kan nínú ọjà tòkunbọ̀ nígbà kan, orúkọ ńlá ló ń jẹ́, owó rẹ̀ sì wọ̀ mí lójú. Mo délé, mo gé ẹnu wáyà rẹ̀, mo fi púlọ́ọ̀gì tiwa rọ́pò, mo tì í bọ iná. Ariwo tó pa kì í ṣe ariwo ayùn. Iná ń kọ mànà nínú ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí n sì tó yọ ọ́, èéfín ti gba ṣọ́ọ̀bù. 120V ni wọ́n kọ sí ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, gàdàgbà; èmi ni mi ò kà á. Ẹ ka wáàtì rẹ̀ pẹ̀lú. Ayùn oníwáàtì 1,400 kò lè ṣiṣẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń fọwọ́ kan gbé, tí agbára rẹ̀ kò tó wáàtì 1,000. Ṣe lẹ máa ba méjèèjì jẹ́.

3. Bíléèdì kan fún gbogbo igi. Eyín rẹ̀ ni kí ẹ kà. Nínú bíléèdì ìǹṣì 7¼ tó wọ́pọ̀, eléyín 24 ló dára fún lílà pákó ní gígùn, torí ààyè gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín sí eyín tí yóò máa kó lẹ́búlẹ́bú pákó jáde. Eléyín 40 fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Eléyín 60 fún púláíwúùdù. Ẹni tó bá fi eléyín 24 gé púláíwúùdù yóò rí i tí ojú rẹ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ìgbà tí eku jẹ ẹ́, yóò sì sọ pé púláíwúùdù ni kò dára. Bákan náà ni ayùn ọwọ́: eyín èyí tí a fi ń la igi rí bí ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì, ti èyí tí a fi ń gé e ní ìbú rí bí ẹnu ọ̀bẹ.

4. Fífi bíléèdì ayùn sára gíráńdà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin. Èyí kọjá àṣìṣe. Gíráńdà kékeré ìǹṣì 4½ ń yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ayùn oníná ìǹṣì 7¼ kì í sábà kọjá 6,000. Tí eyín bá há sínú igi báyìí, gbogbo agbára yẹn yóò ta padà sára ẹni tó dì í mú. Ẹnì kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ kò ní ìka ìfábẹ̀là mọ́ lọ́wọ́ òsì. Igi tó ń gé lọ́jọ́ náà kò nípọn ju ẹsẹ̀ àga lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìpọ́n ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kí n tó bá ìyókù lọ.

Ṣísẹ́ẹ̀lì tí à ń rà nínú ọjà wa kì í ti inú páálí mú tán. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ ní dígírì 25 lóòótọ́, àmọ́ ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀, ìhà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, sí oòrùn, ẹ ó rí ilà tí ẹ̀rọ wọn fà sí i, tinrin tinrin, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Gbogbo ilà tó bá dé ẹnu irin, eyín kékeré ló ń ṣí síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń ya igi dípò kó gé e. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni a ń kọ́kọ́ ṣe: ẹ tẹ́ ẹ lélẹ̀ pẹrẹsẹ lórí òkúta, ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn títí ibi tó sún mọ́ ẹnu yóò fi dán bíi dígí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó ṣe ìyẹn láyé irin náà. Lẹ́yìn náà ẹ dojú rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ délẹ̀, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó dígírì 30, ẹ máa fà á. Ó máa dé ibi kan tí ẹ ó fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ ó mọ̀ ọ́n bíi wáyà tín-ín-rín tó fẹ́ fa ara. Ojú àti ẹ̀yìn ti pàdé ní ẹnu irin nìyẹn. Ẹ fi òkúta tó kúnná pa wáyà náà rẹ́, kí ẹ wá nù ún lára bẹ́líìtì aláwọ tó ti gbó.

Ẹ má sọ fún mi pé òkúta ìpọ́n wọ́n. Ẹ tọrọ àjákù gíláàsì tó nípọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, ẹ ra sáńpépà olómi tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, nọ́ńbà 400, 800, 1500 àti 2000, ẹ fi omi lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Bí mo ṣe pọ́n irin fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àwọn kan á gbé ṣísẹ́ẹ̀lì wọn lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wọ́n á ní kó bá àwọn fi gíráńdà lọ̀ ọ́. Irin á gbóná, ẹnu rẹ̀ á di búlúù. Tó bá ti di búlúù, líle rẹ̀ ti lọ. Ó lè mú lónìí, tó bá gé igi lẹ́ẹ̀mẹta ó ti kú. Mo ṣe irú ẹ̀ fún ṣísẹ́ẹ̀lì ọ̀gá mi nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá náà ò lù mí. Wọ́n fi kálámù sàmì sí ibi tí búlúù náà dé, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ lọ gbogbo rẹ̀ dànù lórí òkúta. Ọjọ́ méjì gbáko ni.

Ẹ má sì dúró dìgbà tí kò bá gé mọ́. Tí ẹ bá ti rí i pé ẹ ti ń fi èjìká tì í, ó ti pẹ́ jù. Àpá tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi òsì, ṣísẹ́ẹ̀lì tó kú ló dá a: mo fi agbára tì í, ó yọ̀. Ìrókò a máa ní òkúta nínú, tíìkì náà sì ń yára pa ẹnu irin, ẹni tó bá ń lò wọ́n kó máa pọ́n léraléra.

Ayùn ọwọ́ tí orí eyín rẹ̀ dúdú ńkọ́? Iná ni wọ́n fi mú orí eyín yẹn le, fáìlì kò ràn án. Tó bá kú, ó kú náà nìyẹn. Ẹ ra èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà láti ìdí dé orí, kí ẹ sì ra fáìlì onígun mẹ́ta tì í.

5. Fífi ẹsẹ̀ tẹ igi mọ́lẹ̀ gé e: ẹ ra kíláàǹpù tí yóò máa bá yín di igi mú.

6. Ríra pákó tútù ní Bódìjà lónìí, kíkàn án lọ́la. Tí ọyẹ́ bá dé, ibi tí pákó ti pàdé á là, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù á yọ ara rẹ̀ kúrò nínú férémù. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé fún oṣù mélòó kan, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín pákó sí pákó kí afẹ́fẹ́ lè kọjá.

7. Àìbo imú. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò a máa mú ọ̀fun àti ojú yún, ó sì lè dá ikọ́ ṣémìíṣémìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jókòó ti gíláàsì náà fún bí ogójì ìṣẹ́jú, a pọ́n ẹyọ kan. Mo mú àjákù arère, torí pé igi rírọ̀ kì í bo àṣírí irin tó kú. Mo ní kó kọ́kọ́ fi ọ̀kan nínú mẹ́ta tí a kò pọ́n gé ẹnu pákó náà, níbi tí iṣan igi ti dúró ṣánṣán. Ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀ ni, ojú ibẹ̀ rí jákujàku bí ojú búrẹ́dì. Ó wá mú èyí tí a pọ́n. Igi náà ká lọ́wọ́ rẹ̀ bí awọ àlùbọ́sà, ojú ibi tó gé sì ń dán débi pé a lè ka ihò inú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó tún gé e, ó tún gé e, ó wá fa àga sún mọ́ gíláàsì. Nígbà tí mo fi máa kó ẹrù wọlé láti ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ṣì ń fà.