Kíláàsì ń pariwo, ẹ̀kọ́ ò wọlé: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú eré ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ CI

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá láàárọ̀ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, yóò gbọ́ àwọn ọmọ CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́, tí wọ́n ń fi orin ka oókà Faransé, láti orí un (oókan) títí dé vingt (ogún), pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ijó. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọ̀kan nínú wọn, ẹ da ìdérí ìgò mẹ́wàá síwájú rẹ̀, kí ẹ ní kó mú méje fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ka ìdérí kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fo òmíràn, wọ́n á sì kà á dé mẹ́wàá láìdúró ní méje. Ẹnu dùn ún rò fọ́.

Lójú tèmi, èyí ló burú jù nínú gbogbo àṣìṣe tí a ń ṣe, torí pé ó jọ àṣeyọrí. Ọmọ tó fẹ́ mọ nǹkan kà ní láti mọ̀ pé orúkọ oókà ń tẹ̀ lé ara wọn bí wọ́n ṣe wà, pé ohun kan ò gbọ́dọ̀ gbà ju orúkọ kan lọ, àti pé orúkọ tó pè kẹ́yìn ni iye gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni orin ń kọ́ni. Méjì yòókù, ọwọ́ ló ń kọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ eré tó ń kọ́ ọwọ́ wà nílé wa tipẹ́. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tíì fi òfin jíjẹ dà wọ́n láàmú. Ẹ kàn jẹ́ kí ọmọ kó mẹ́rin, kó máa sọ ọ́ sínú ihò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó máa pe oókà bó ṣe ń sọ ọ́. Bí ọwọ́ bá sáré ju ẹnu lọ, òun fúnra rẹ̀ á rí i pé kò bá ara mu. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó sọ ọ́: ihò wo ni èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí? Ọmọ tó bá na ìka sí ihò náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣí ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò nìyẹn. Kò sì dìgbà tí ẹ bá ra ọpọ́n. Ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀ lábẹ́ igi, kí ọmọ méjì méjì jókòó ti ìlà kan.

Eré "ẹni tó bá ṣìṣe kó jáde" náà tún wà níbẹ̀. Olùkọ́ á to àwọn ọmọ yí ká, á na káàdì lẹ́tà sókè, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á lọ jókòó. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́kọ́ jókòó: ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà ni. Èyí tó dúró dópin ni ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ nílé. Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ṣe eré ló wá rí i ṣe kéré jù, a sì tún fi ìtìjú lé e lórí. Ẹ yí i padà. Ẹni tó bá ṣìṣe, ẹ fún un ní káàdì yẹn, kó lọ fi ìka kọ lẹ́tà náà sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n, kí àwọn méjèèjì sì padà sínú agbo. Eré òṣùpá kan tiẹ̀ wà tí olórí á máa dárúkọ nǹkan, ewúrẹ́, òkúta, àkùkọ, tí gbogbo agbo á máa dáhùn pé ó léjẹ̀ tàbí kí wọ́n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń jókòó wòran nínú rẹ̀, ó sì ń kọ́ ọmọ láti fetí sílẹ̀, kó ya ohun abẹ̀mí sọ́tọ̀. Ẹ kàn yọ lílù tí wọ́n ń lu ẹni tó bá ṣìṣe kúrò.

Ọ̀rọ̀ pátákó náà kò yàtọ̀. Kíláàsì wa kì í sábà kéré. Bí ọmọ bá jẹ́ 50, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú kan péré níwájú pátákó, ìṣẹ́jú 50 á lọ kí oníkálukú tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Àwọn olùkọ́ wa mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe níbí, torí wọ́n kọ́ wọn ní ìlànà La Martinière, tí wọ́n fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lyon sọ. Olùkọ́ á béèrè, gbogbo ọmọ á rò ó láìsọ̀rọ̀. Á kan rúlà mọ́ tábìlì, wọ́n á kọ ìdáhùn sórí síléètì. Á kàn án lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo síléètì á lọ sókè pa pọ̀. Bí a ṣe ń bà á jẹ́ ni pé a ń jẹ́ kí ọmọ tó yá gbé tiẹ̀ sókè ṣáájú, tí àwọn yòókù á wò ó kọ, tàbí kí olùkọ́ wo ìlà méjì iwájú, kó ní gbogbo wọn ti gbà á. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.

Ẹ má ṣe fi Faransé ṣàlàyé òfin eré fún ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹnu rẹ̀ kò tíì gba Faransé. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fa ara wọn láṣọ. Ẹ pe ọmọ méjì síwájú, kí wọ́n ṣe é kí àwọn yòókù rí i, kí ẹ fi Yorùbá sọ ohun tó bá ṣòro, kí Faransé sì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́. Ọmọ Fọ̀n wà nínú kíláàsì ní Kétu, ọmọ Fúlàní wà ní Ṣábẹ, ọmọ Gùn kún Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Àwọn náà á rí ohun tí ojú rí. Ní ti àṣà ayé ìjọba Faransé, pé kí a fi nǹkan kọ́ ọmọ tó sọ èdè ilé lọ́rùn, ibi tó bá ṣẹ́kù sí, kí wọ́n jọ̀wọ́ jù ú nù. Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀ kò lè ṣeré.

Ohun kan wà nínú kíkà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọmọ wa máa ń dé mẹ́tàdínlógún láti ogún, á yọ mẹ́ta kúrò. Faransé á fi méje kún mẹ́wàá. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ nínú eré kan, ó máa dojú rú. Ẹ fi igi kékeré mẹ́wàá di ìdì kan, kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ti Faransé, ìdì kan àti igi méje, kó dúró sọ́kàn wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gbé ìdì méjì sílẹ̀, kí ẹ fa igi mẹ́ta yọ.

Bọ́ńbọ́, ìyẹn súìtì, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń fún ẹni tó bá jáwé olúborí ní bọ́ńbọ́, pé kí ara wọn lè yá. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún kí wọ́n tó yà á kò fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́ nígbà tí ẹ̀bùn tán. Àwọn tí ẹ̀bùn kàn bá lójijì kò yí padà. Ká tiẹ̀ fi ti ìwádìí sílẹ̀, ọmọ kan ló máa gba bọ́ńbọ́, àwọn yòókù á máa wo ẹnu rẹ̀ títí ẹ̀kọ́ á fi parí.

Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń fún wọn kà. Ẹ̀wà àti àgbàdo kéré, wọ́n ń wọ imú, wọ́n ń wọ etí. Ní agbègbè Ṣábẹ, nígbà tí kajú bá so, ó máa ń wu èèyàn láti kó kóró rẹ̀ tútù wá sí kíláàsì nítorí pé ó pọ̀ nílẹ̀, kò sì náni ní nǹkan. Ẹ má ṣe é. Òróró inú èèpo rẹ̀ ń jó ara títí á fi lé ròrò, ọmọ á sì fi ọwọ́ náà nu ojú. Ojú ológbò, kóró pupa olórí dúdú tó rẹwà yẹn, burú ju ìyẹn lọ, torí pé májèlé ni bí ọmọ bá jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ìdérí ìgò tí etí rẹ̀ kò mú àti igi kékeré ti tó.

Iṣẹ́ ọwọ́ tún wà tí olùkọ́ máa ń ṣe tán kí ọmọ tó dé ibẹ̀: ó gé páálí ní àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó ya ojú, ó ya imú, ó ku kí ọmọ kun ọ̀dà sí i. Páálí ọgbọ̀n, gbogbo wọn jọra. Ní Kétu kọ́ ló yẹ kí irú èyí ti ṣẹlẹ̀! Àwọn ọmọ yìí ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gidi, tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé ní 2001 tó sì fi sínú àkójọ rẹ̀ ní 2008. Wọ́n ti rí ejò, ẹyẹ àti oríṣiríṣi nǹkan tí àwọn agbẹ́gilére ń gbé ka orí rẹ̀. Ẹ fún wọn ní páálí òfìfo, ẹ bi wọ́n pé kí ló máa wà lórí tiyín? Ẹ jẹ́ kó wọ́, kó tẹ̀. Ẹ wá ní kí oníkálukú sọ gbólóhùn méjì nípa tirẹ̀. Níbi sísọ yẹn ni ẹ̀kọ́ wà, ọ̀dà kíkùn kàn ń sọ ọwọ́ di rírọ̀ ni.

Ní ti àkókò: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún eré kan, kí ẹ dá a dúró nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ sí i. Ẹ má sì fi gbogbo eré pamọ́ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì bí ẹni ń san ẹ̀san fún wọn. Aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá padà dé nínú oòrùn tí ojú wọn ń pa dé, ni wọ́n nílò rẹ̀ jù.

Ó ku àwọn òbí. Bàbá tó bá gba ojú fèrèsé wò, tó rí ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, á ní eré ni wọ́n ń fi ọmọ òun ṣe, kò sì yẹ ká dá a lẹ́bi bí kò bá sí ohun tó lè fojú rí nínú ìwé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe eré, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ohun kan láti inú rẹ̀ kó tó lọ sílé: lẹ́tà kan, ìdérí méje tó yà pẹ̀lú oókà 7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà kan ti tó.