Bí Èròjà Onítànṣán Kò Ṣe Ní Tàn Kálẹ̀ Níbi Iṣẹ́

Èròjà onítànṣán tó jẹ́ olómi, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú láàbù, là ń sọ níbí. Ọwọ́ ló sábà máa ń gbé e káàkiri. Ẹ̀kán kan ta sí ìbọ̀wọ́, ìbọ̀wọ́ kan ìlẹ̀kùn fíríìjì, ẹlòmíì fi ọwọ́ lásán ṣí fíríìjì, ó sì fi ọwọ́ kan náà nu ẹnu. Kò rùn, kò ní àwọ̀, kò ta ni lára.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án rárá, ẹ fi omi tí ẹ po aró mọ́ ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí aró bá ta sí, ibẹ̀ ni èròjà náà ì bá ta sí.

Inú tíréè tí etí rẹ̀ ga ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kó lè gba gbogbo omi náà bó bá dà. Ẹ tẹ́ bébà tó ń fa omi sínú rẹ̀, kí ojú tó ní ọ̀rá wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, ńṣe ni omi á máa yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò. Fún P-32 (ìyẹn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì onítànṣán), ike Perspex tó nípọn tó 1 sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ fi dí i, kì í ṣe òjé nìkan, torí ìtànṣán rẹ̀ máa ń di X-ray tó bá lu òjé.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn. Ẹ bọ́ ti òkè kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun tí kò sí nínú tíréè: bírò, ìwé, pàápàá fóònù.

Ẹ̀rọ Geiger, èyí tó ń ka ìtànṣán: ẹ kọ́kọ́ wo iye tó ń kà níbi tí kò sí èròjà. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra gbé imú rẹ̀ kọjá lórí tábìlì, nǹkan bíi 1 sẹ̀ǹtímítà sókè, láìjẹ́ kó kàn án. Ẹni tó bá ń sáré gbé e á kọjá lórí ìdọ̀tí láìmọ̀. Fún tritium (ìyẹn háídírójìn onítànṣán), ẹ gbàgbé Geiger, kò lè rí i. Ẹ fi bébà nu ojú ibẹ̀, kí ẹ sì ka bébà náà nínú ẹ̀rọ scintillation, èyí tó ń ka ìmọ́lẹ̀ tín-tìn-tín tí ìtànṣán ń mú jáde.

Bó bá dà sílẹ̀, ẹ kígbe sí àwọn tó wà nítòsí kí wọ́n má bàa tẹ̀ ẹ́. Ẹ da bébà bò ó, kí ẹ wá máa nù ún láti etí lọ sí àárín. Ẹni tó bá nù ún láti àárín bọ̀ ń fẹ̀ ẹ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni tó jáde, ẹ fi ẹ̀rọ wọn ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀. Bó bá kan awọ ara, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ni. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, torí ojú ibi tó bá bó ni èròjà náà máa gbà wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ìdọ̀tí P-32 ṣeé tọ́jú pa mọ́: agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọjọ́ 14, nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti kù bí ìdá kan nínú 1,000. C-14 (ìyẹn kábọ́ọ̀nù onítànṣán) ń kọ́? Ọdún 5,730 ni tirẹ̀, ẹ má dúró dè é. Ẹ fi ẹ̀rọ wọn àpò P-32 kí ẹ tó jù ú nù, bí òfin bá gbà á, kí ẹ sì bó àmì ìtànṣán kúrò lára rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kó ìdọ̀tí á fi í sílẹ̀ sá lọ.