Ẹ Dúró Ti 3rd Strike, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Ba Ọjà Rẹ̀ Jẹ́

Street Fighter III, géèmù ìjà kan, kò rí ojúure àwọn èèyàn láti ọjọ́ tó ti jáde. Ní 1997 tí ilé-iṣẹ́ Capcom gbé e dé, àwọn tó fi Street Fighter II dàgbà sáré lọ wo Guile, Blanka àti Chun-Li níbẹ̀. Wọn ò bá ojúlùmọ̀ kankan ju Ryu àti Ken lọ. Àjèjì ló kún inú rẹ̀: Alex, Necro, Dudley tó jẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ará Ìlú Ọba, àti Elena, ọmọ Kenya tó ń fi capoeira jà. (Bí ọmọ Kenya ṣe di ẹni tó ń ja ìjà àwọn ará Brazil, ẹ bi Capcom.) Nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ kẹta, 3rd Strike, fi máa jáde ní 1999, wọ́n ti mú Chun-Li padà, wọ́n sì ti tún gbogbo nǹkan tò dáadáa, àmọ́ ọjà ti tú. Ilé géèmù tí wọ́n ti ń sọ owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ ti ń kógbá sílé ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Street Fighter IV, V àti 6 dé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá wọn lọ.

Àwa kan ò kúrò ní tiwa. Ohun tó sì ń ká mi lára ni pé bí géèmù yìí bá máa parẹ́ lọ́jọ́ kan, Street Fighter 6 kọ́ ló máa pa á, àwa tá à ń pariwo pé a fẹ́ràn rẹ̀ ni. Àṣìṣe táà ń ṣe kò lóǹkà, àwọn tó ń bí mi nínú jù nìyí.

Ẹ má fi fídíò Daigo kọ́ géèmù

Fídíò yẹn ló fa ọ̀pọ̀ wa wọlé, mi ò ní bú u. Evo 2004 ni, ìdíje ńlá àwọn géèmù ìjà, ní ìlú Pomona, California. Justin Wong mú Chun-Li, Daigo Umehara mú Ken. Ẹ̀jẹ̀ Ken ti gbẹ débi pé bí Daigo bá tiẹ̀ dí Super Art (ìjà àkànṣe tó lágbára) tó ń bọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tó máa ń jò wọlé lára ohun téèyàn dí ti tó láti pa á. Justin tú Houyoku-sen, Super Art Chun-Li, lé e lórí: ìpá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wàràwàrà. Daigo fi parry, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gba ẹ̀ṣẹ́ láìfara pa, gbà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó fò sókè lọ gba èyí tó kẹ́yìn, ó balẹ̀, ó da Super tirẹ̀ bo Chun-Li, ó parí. Bí mo bá tún gbọ́ ariwo gbọ̀ngàn yẹn, orí mi ṣì máa ń wú.

Ohun tí fídíò náà ò sọ ni pé kò sí ọ̀nà míì tó kù fún Daigo. Kì í ṣe fújà ló ń ṣe. Òun kọ́ ló sì gbégbá orókè lọ́jọ́ náà: Kenji Obata, tó ń lo Yun, ló nà án ní àṣekágbá.

Ẹni tó wo fídíò yẹn lánàá ló máa wọlé lónìí, tí á máa tẹ iwájú ṣáá bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo. Bí parry ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ ó tẹ ọ̀nà iwájú, síhà alátakò, nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bá ku díẹ̀ kó bà yín. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ń gbá, ẹ ó tẹ ìsàlẹ̀. Àwòrán 60 ni géèmù yìí ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àyè tẹ́ ẹ sì ní kò ju nǹkan bí 10 lọ nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, àyè yẹn tún máa fún sí i ni. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀yìn lèèyàn ń tẹ̀ láti dí ìjà. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ iwájú, ẹ ti ṣílẹ̀kùn.

Ẹ wò ó bó ṣe máa ń rí. Chun-Li dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ yín, kò sì jìnnà. Ẹ tẹ iwájú, ẹ̀ ń retí ẹ̀ṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó kàn yín lókùúsẹ̀, Houyoku-sen sì ti tẹ̀ lé e kẹ́ ẹ tó mí. Ẹ dìde, ẹ̀rù ti bà yín, ẹ wá ń tẹ ìsàlẹ̀ báyìí. Ó kàn rìn wá bá yín wẹ́rẹ́, ó gbé yín ṣánlẹ̀, torí parry kì í dá gbígbé dúró. Ìyẹn nìkan ti tó fún un láti nà yín títí ilẹ̀ á fi mọ́, láìlo nǹkan míì.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dí ìjà ná. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo: Hadoken, bọ́ọ̀lù iná tí Ryu ń jù láti òkèèrè. Ẹ wọ yàrá ìdánrawò, kẹ́ ẹ máa parry rẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ tún wá mú ìpá ẹni tó ń fò bọ̀ látòkè. Ẹni tó bá mọ méjì yìí dáadáa ti ju ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń tẹ iwájú kiri lọ.

Ẹ má parọ́ pé gbogbo wọn dọ́gba

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tó yẹ kó mọ̀ pé irọ́ ni: “Kò sẹ́ni tí kò lè na ẹnikẹ́ni nínú 3rd Strike.” Irọ́ ńlá. Chun-Li, Yun àti Ken ni ọba ibẹ̀. Bí Yun bá ti tan Genei Jin, Super Art rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣẹ́ tí kò ṣeé so pọ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn, ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà. Sean àti Twelve ńkọ́? Àánú wọn ló ń ṣèèyàn. Bẹ́ ẹ bá tan ọmọ tuntun pé kó mú Sean torí ó rí bíi Ken, tó wá ń jìyà fún odindi oṣù kan, tẹ́lẹ̀ rí ni á máa sọ pé òun gbá 3rd Strike.

Òdìkejì irọ́ yẹn náà wà, ìyẹn àwọn tó ní bí kì í bá ṣe àwọn ọba mẹ́ta yẹn, kéèyàn má wulẹ̀ jókòó. Nígbà tí Evo dá 3rd Strike padà sáàárín àwọn géèmù ńlá rẹ̀ ní Las Vegas ní 2024, Hayao ló gbà á, Hugo ló sì ń lò. Hugo! Òmìrán tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ṣẹ́ máa ń bá. Àmọ́ Hayao ti bá Hugo yẹn gbé pẹ́ kó tó débẹ̀. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá wù yín ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì mọ iye tó máa ná yín.

Ẹ má bá àwọn ọmọ Street Fighter 6 jà

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀. “Géèmù àwọn ọmọdé”, “ẹ̀rọ ló ń bá wọn jà á”, gbogbo ìsọkúsọ yẹn. Ibo lẹ rò pé ọmọ tuntun yín ti máa wá? Láti 1999 ni? Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ro ìjà nínú Street Fighter 6 ló sún mọ́ yín jù lọ láyé. Bẹ́ ẹ bá ti bú u, ó lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wọn tiẹ̀ so mọ́ra ju báwọn abúni ṣe rò lọ. Tony Cannon, ọ̀kan lára àwọn tó dá Evo sílẹ̀, ló kọ GGPO, ètò tí wọ́n fi ń gbá géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí inú bí i sí bí Street Fighter II àtijọ́ ṣe ń fà tìkọ̀ lórí Xbox 360. Dípò kí géèmù dúró de ìròyìn láti ọ̀dọ̀ alátakò, GGPO á méfò ohun tó fẹ́ ṣe, bó bá ṣì í, á yí padà kíá láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Òun ni Capcom lò fún 3rd Strike Online Edition ní 2011. Irú ọgbọ́n kan náà ni Street Fighter 6 ń lò lónìí. Ìfẹ́ géèmù àtijọ́ ló bí ohun táwọn ọmọ òde òní ń jẹ̀gbádùn rẹ̀, ẹ wá ń bú wọn.

Ẹ má na ọmọ tuntun kẹ́ ẹ sì lọ sùn

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti ń dùn mí gan-an nìyí. Lórí Fightcade, ibi táwọn èèyàn ti ń gbá géèmù àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ èèyàn, láti E dé S, àmì ìbéèrè ló sì máa ń wà lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ máa rí ọ̀gbẹ́ni kan tó ti gba S, tó kàn ń ṣọ́ àwọn alámì ìbéèrè. Á pè wọ́n, á nà wọ́n mẹ́wàá sí òdo, kò ní kí wọn, kò ní sọ nǹkan kan, á pa á dé. Ọmọ yẹn ò ní padà wá mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gbẹ́ni kan náà á máa ráhùn pé kò séèyàn nínú yàrá mọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ ẹ bá nà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ìlà kan sí i: “Ò ń fò jù, dúró sílẹ̀ kó o wo ohun tí mo máa ṣe.” Gbólóhùn kan yẹn ti tó. Ẹ má kọ ìwé fún un, ẹ má sì kó àtòjọ ìjà ọgbọ̀n lé e lọ́wọ́.

Bọ́tìnì yẹ̀yẹ́ náà tún ń da nǹkan rú. Nínú 3rd Strike, yẹ̀yẹ́ lásán kọ́. Ẹni tó ń lo Q máa ń tẹ̀ ẹ́ dé ẹ̀ẹ̀mẹta torí ó ń mú kí ara rẹ̀ le, kí ẹ̀ṣẹ́ má bà á jẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ tuntun ò mọ̀. Ohun tójú rẹ̀ ń rí ni géńdé kan tó wọ kóòtù, tó fi irin bojú, tó ń fi í ṣẹ̀sín. Ẹ ṣàlàyé fún un kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tó fẹ́ wá alátakò, kó má lọ lẹ̀ mọ́ àwọn ará Japan torí òkìkí. Ọ̀nà jìn, GGPO kì í ṣe idán. Àwọn ará Yúróòpù sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má dúró de Capcom

Àwọn ará Japan ò dúró dè wọ́n. Àwọn tó ń gbá a níbẹ̀ ló ń ṣe ìdíje Cooperation Cup fúnra wọn, ẹni márùn-ún sí ẹgbẹ́ kan, látọdún gbọ́nhan. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin péré nílùú yín, ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ má sì yẹ̀ ẹ́.

Kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ̀dà 3rd Strike kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní 990512 ni Fightcade ń lò. Nínú rẹ̀, Urien, ọ̀kan lára àwọn tó ń jà níbẹ̀, lè gbé Aegis Reflector, Super Art rẹ̀ tó dà bí dígí, kalẹ̀ kó lè kọlù yín níwájú àti lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò ní sí ibi tẹ́ ẹ máa dí. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò nínú 990608. Ẹni tó bá fi ọ̀kan dánra wò, tó lọ fi ìkejì díje, ara rẹ̀ ló ń tàn. 30th Anniversary Collection ti 2018 náà dára fún ẹni tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò.

Ní ti àwọn tó fẹ́ ra CPS-3 gangan, ẹ̀rọ ilé géèmù tí 3rd Strike ti jáde, géèmù mẹ́fà péré ni Capcom ṣe fún un, ó sì ní àrùn kan. Bátìrì kékeré kan wà nínú katiríìjì rẹ̀ tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí géèmù fi ń ṣí. Bí bátìrì yẹn bá kú, kọ́kọ́rọ́ ti lọ, géèmù ò ní tàn mọ́, àfi bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Ẹ bi ẹni tó ń tà á nígbà tó pààrọ̀ bátìrì kẹ́yìn. Bó bá ní, “Bátìrì wo?”, ẹ kó owó yín sápò.