Inú Rírun Tó Gba Ẹ̀yìn Yọ: Páńkíríásì, Ọtí àti Gáàsì Nitric Oxide

Inú rírun tí ìwé yìí ń sọ kì í ṣe ti oúnjẹ àná. Òkè ìdodo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gún ènìyàn dé ẹ̀yìn, èébì á tẹ̀ lé e, síbẹ̀ ara kò ní fúyẹ́ lẹ́yìn èébì náà. Bí ẹ bá rí i báyìí, páńkíríásì ni kí ẹ fura sí.

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni páńkíríásì wà. Òun ló ń ṣe omi tí ń mú oúnjẹ dà, òun náà ló ń ṣe ínsúlínì tí ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí òkúta inú àpò òróòro bá dí ọ̀nà omi yìí, tàbí tí ọtí àmujù bá ti ṣe é léṣe, omi tó yẹ kó da oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í da páńkíríásì fúnra rẹ̀. Ló bá wú.

Nitric oxide lọ́wọ́ sí wíwú yìí. Gáàsì ni, ara wa ló ń fi arginine, èròjà purotéènì kan tó wà nínú ẹran, ẹ̀pà àti ẹ̀wà, ṣe é. Níwọ̀nba, ó ń la iṣan kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dé páńkíríásì. Ṣùgbọ́n bí wíwú bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bá àrùn jà á máa tú u jáde lápọ̀jù. Á dà pọ̀ mọ́ superoxide, ìyẹn irú ọ́síjìn kan tó lè ṣe ara léṣe, á di peroxynitrite, èyí tí ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Iṣan gbogbo ara tún lè là kọjá ààlà, òòyì á sì máa kọ́ aláìsàn.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn arginine tí wọ́n ń tà fún agbára ọkùnrin. Nílé ìwádìí, bí wọ́n bá fẹ́ kí páńkíríásì eku wú, arginine púpọ̀ ni wọ́n máa ń gún un lábẹ́rẹ́. Púpọ̀ gan-an ni o. Ẹ̀pà tí ẹ ń jẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà ní nitrate tí ara ń sọ di gáàsì yìí, ẹ máa jẹ ẹ́.

Ọtí ló yẹ kí ẹ bá jà. Ògógóró ni o, páràgà ni o, ẹni tó ti ṣe àìsàn yìí rí kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò mọ́.

Bí ìrora náà bá dé, ẹ má fún aláìsàn ní àgbo, ẹ má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Wọn yóò yẹ lipase, èròjà tí páńkíríásì fi ń da ọ̀rá, wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tó ìlọ́po 3 ohun tó yẹ kó jẹ́, pẹ̀lú irú ìrora yìí, ọ̀rọ̀ ti yé dókítà. Wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á fún un ní oògùn ìrora. Kò tíì sí oògùn adínà-nitric-oxide tí wọ́n fi ń wo àìsàn yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.