Bí Wọ́n Bá Ní "Ìwádìí Ti Fi Hàn": Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Ẹni tó ń ta irúgbìn tàbí oògùn kì í pẹ́ kó tó sọ pé ìwádìí ti fi hàn. Ẹ bi í: ìwádìí ibo, lọ́dún wo, lórí ilẹ̀ wo? Bó bá ní ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti tọ́ka sí i, ìyẹn ni pé wọ́n dárúkọ ìwádìí náà nínú ìwé tiwọn, kò tíì dáhùn o.

Láti ìgbà tí Eugene Garfield, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ti gbé Science Citation Index, àtòjọ tó ń fi hàn ìwé tó tọ́ka sí ìwé mìíràn, jáde ní Philadelphia lọ́dún 1964 ni wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí inú jọ́nà, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí wọn sí, bí ẹni ń ka owó. Ṣùgbọ́n kíkà yẹn fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwé tó ṣàkójọ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, tàbí tó ṣàlàyé ọ̀nà ìṣirò, ni ìtọ́kasí máa ń rọ́ lọ bá. Èyí tó sọ bí àgbàdo kan ṣe ṣe sí lórí ilẹ̀ oníyanrìn kan, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń tọ́ka sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí oko yín bá jọ ibẹ̀, òun gan-an lẹ ń wá. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ilé wa ni kò sí nínú àtòjọ ńlá wọ̀nyẹn. Ẹ wá wọn lórí African Journals Online, ìkànnì tó ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ wo àpò PICS tí a fi ń tọ́jú ẹ̀wà. Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ ní Cameroon ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà níparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá méjì wà nínú, àpò híhun kan wà níta. Tí ẹ bá dì í pinpin, kòkòrò á mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kò ní lè jẹ, kò ní lè bí. Ẹ̀wà gbígbẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwádìí sọ pé kẹ́ ẹ da àgbàdo tútù sí i, ẹ ní kó mú ìwé náà wá, torí bíbu ni yóò bu.

Lórí fóònù, ẹ ṣí Google Scholar, ibi tí a ti ń wá ìwé ìwádìí, ẹ kọ orúkọ irúgbìn tàbí oògùn náà, kẹ́ ẹ fi Nigeria kún un. Ẹ tẹ "Cited by" tó wà lábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, àwọn tó tọ́ka sí i á yọ. Àwọn kan tọ́ka sí i kí wọ́n lè ta kò ó ni; òmíràn, òǹkọ̀wé náà ló ń tọ́ka sí ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ máa tọ ọ̀nà náà lọ títí ẹ ó fi kan oko tí wọ́n ti gbin nǹkan ní tòótọ́. Nígbà míì, ìwé mẹ́wàá á já sí oko kan ṣoṣo, òjò ọdún kan ṣoṣo.

Bí òyìnbó inú rẹ̀ bá le, ẹ gbé e lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ ní kó ka ibi tí wọ́n ti sọ irú ilẹ̀, òjò àti ajílẹ̀ tí wọ́n lò, kì í ṣe àkótán iwájú nìkan. Bí kò bá sí oko tó jọ tiyín níbẹ̀, ebè mélòó kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.