Bí mo ṣe tún ìjókòó kẹ̀kẹ́ Bàbá onílé wa ṣe

Ẹ má fi fóòmù rírọ̀ kún ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó bá ń dùn yín. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún Bàbá onílé wa ní Òṣogbo nìyẹn, nígbà tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ wọn wá bá mi. Iṣẹ́ àga ni mò ń ṣe jẹun, èmi ni mo máa ń rán awọ sí wọn lára, ṣùgbọ́n ìdí kan náà ṣáà ni èèyàn fi ń jókòó lórí àga àti kẹ̀kẹ́. Wọ́n ti ra ìbòrí onífóòmù kan lọ́jà, ó ki dáadáa. Síbẹ̀, kí wọ́n tó dóko, ibi tí àgbà kì í dárúkọ níwájú ọmọdé á ti kú tipiri.

Egungun méjì ló wà nísàlẹ̀ ìdí tó yẹ kó gbé èèyàn dúró lórí kẹ̀kẹ́. Bí fóòmù bá rọ̀ jù, egungun á rì, fóòmù àárín á wá yọ sókè, á máa ti abẹ́, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá.

Mo tẹ́ páálí sórí bẹ́ǹṣì, mo ní kí Bàbá jókòó lé e, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó di kẹ̀kẹ́ mú. Nígbà tí wọ́n dìde, ojú méjì ti jìn wọnú páálí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wọn àlàfo wọn: mìlímítà 120. Mo fi 30 lé e, ó di 150, torí Bàbá kì í tẹ̀ba bí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje. Ẹni tó bá nàró jókòó ń fẹ́ ìjókòó tó fẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ju 135 lọ.

Lọ́dọ̀ àwọn alálòkù ni mo ti rí ìdí ìjókòó oníke kan tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gbígbóná lu àárín rẹ̀, ihò gbọọrọ tó gba ìka méjì, mi ò jẹ́ kó dé etí kankan kó má baà ya. Fóòmù líle tí wọ́n fi àjákù tẹ̀ pọ̀ ni mo lẹ̀ mọ́ ọn, mo fi rírọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú.

Ibi awọ ni mo gbádùn jù. Mo rẹ awọ ewúrẹ́ sómi títí ó fi ń gba ibi tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí. Mo nà án láti imú lọ sẹ́yìn, mo fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ dì í mú yí ká. Imú ni awọ ti máa ń ká jọ, nítorí náà mo la etí rẹ̀ wẹ́wẹ́ lábẹ́, mo fi ìdí òòlù tẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà ní kókó. Ìbòòji ni mo gbé e sí. Oòrùn á mú awọ gan, á sì sán. Ó gbẹ tán, mo fi gọ́ọ̀mù aránbàtà lẹ̀ ẹ́ pa. Mi ò rán nǹkan kan lókè, torí òwú á máa họ itan. (Àwọn Brooks ti Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣe ìjókòó kẹ̀kẹ́, tí ilé iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1866, kì í fi fóòmù sí awọ tiwọn rárá: wọ́n á nà án sórí irin, á máa gba ìrísí ìdí olówó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

Mo gbé lẹ́fẹ́lì bíríkìlà lé ìjókòó náà lórí kẹ̀kẹ́, mo dè é kó tẹ́jú. Bí imú bá gbé sókè, á gún abẹ́. Bó bá dorí kodò, Bàbá á máa yọ̀ síwájú, apá á máa ro wọ́n. Ti gíga kò le: gìgísẹ̀ lórí pẹ́dàlì tó lọ sílẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ nà tán.

Kíkú yẹn ti lọ. Bàbá ní egungun ìdí ń ro àwọn díẹ̀, mo ní ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ máa ro wọ́n, kò ní pẹ́ mọ́ wọn lára. Ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ wọn ló kù, ó máa ń há sí imú ìjókòó bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa wọ òmíràn lọ sóko. Wọ́n ní kí n gé imú náà kúrò.